Gíláàsì ẹ́límẹ́ẹ̀tì ń ṣú, awò ojú náà ń ṣú: ọgbọ́n wo ló bá yín mu?

Ẹni tó bá ń wọ awò ojú, tó sì tún ń gun máṣíìnì, òun nìkan ló máa mọ nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí. Òjò dé lójijì, agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹ ń bọ̀ láti Mọ́kọ́lá ẹ fẹ́ já sí Sángo, ẹ ti pa gíláàsì ẹ́límẹ́ẹ̀tì dé torí ẹ̀kán òjò ń gún yín lójú bí abẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ tó mí lẹ́ẹ̀mẹwàá gbogbo iwájú ti funfun báláú, iná mọ́tò tó ń bọ̀ ti fẹ̀ bí òṣùpá, ẹ wá gbé gíláàsì yẹn sókè pé ẹ fẹ́ ríran, àṣé awò tó wà lábẹ́ ẹ̀ náà ti ṣú. Ilẹ̀kùn méjì ni wọ́n tì mọ́ yín lójú.

Èmi ń fi máṣíìnì ṣe dispatch n'Ìbàdàn, ó ti lé lọ́dún mẹ́fà, awò mi sì nípọn débi pé tí mo bá yọ ọ́ kúrò, èèyàn àti òpó iná jọra lójú mi. Gbogbo ọgbọ́n tí mo fẹ́ tò kalẹ̀ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí mi ò tíì dán wò, àfi Pinlock, ike fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi sínú gíláàsì ẹ́límẹ́ẹ̀tì kó má baà ṣú, tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Leeds n'Ìlú Ọba ló ń lò ó, èmi kàn gbé e dé orí lọ́jọ́ tó wálé ni. Ibi táwọn èèyàn ti máa ń ṣì í ni pé wọ́n á ní "fi ọṣẹ pa á, ó parí", ẹlòmíì á ní "àní kó o lọ ra Pinlock", bí ẹni pé oògùn kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ojú. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nǹkan tó ń ṣe gíláàsì ẹ́límẹ́ẹ̀tì lè má jẹ́ òun náà ló ń ṣe awò ojú, ẹni tó bá tún ọ̀kan ṣe tó fi ìkejì sílẹ̀, afọ́jú ṣì ni lójú títì.

Ohun tí mo fi ń wọn ìkọ̀ọ̀kan nìyí kẹ́ ẹ lè bá mi lọ. Owó ni àkọ́kọ́, kì í wá ṣe iye tẹ́ ẹ rà á nìkan, ẹ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ máa tún un rà mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́ tí máṣíìnì bá dúró? Torí gbogbo nǹkan ló ń ṣiṣẹ́ lórí ìrìn, inú gó-sílò Ìwó Road tí òjò ń rọ̀ lẹ ti máa mọ ojúlówó. Ṣé ó ran awò ojú lọ́wọ́, àbí gíláàsì ẹ́límẹ́ẹ̀tì nìkan ló mọ̀? Ṣé kò ní ba nǹkan jẹ́, nítorí gíláàsì tá à ń pè ní gíláàsì yẹn, ike ni jàre, polycarbonate ni wọ́n ń pè é, ó sì tètè ń ha. Èyí tí èmi fúnra mi kà sí jù ni pé ṣé mo lè rí i rà ní Gate n'Ìbàdàn níbí lónìí, àbí mo máa dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti Ìlú Ọba.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí kùrukùru yìí ti ń wá ná, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Èémí tó ń jáde lẹ́nu àti nímú wa gbóná tó bíi 34°C, omi sì kún inú ẹ̀. Tó bá kan nǹkan tó tutù jù ú lọ, omi yẹn á jókòó sára ẹ̀, bí ìrì ṣe ń sẹ̀ sórí koríko láàárọ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀kán kéékèèké ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri, òun ló jẹ́ kó máa funfun, òun náà ló sì jẹ́ kí iná mọ́tò máa fẹ̀ lálẹ́. Lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀ ẹ ò lè mọ̀ ọ́n lára, gíláàsì ti gbóná, afẹ́fẹ́ gbẹ, kí omi náà tó rí ààyè jókòó ó ti gbẹ dànù. Àmọ́ tí òjò bá ń rọ̀, òjò ń mú gíláàsì tutù látìta, afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ ti mu omi yó kò lè gbà sí i mọ́, aṣọ òjò tẹ́ ẹ gbé wọ̀ ń mú yín làágùn, irun orí ti rin, gbogbo ooru ìyẹn ń rú sókè látọrùn wọ inú ẹ́límẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti pa dé bí ìkòkò ẹ̀kọ. Kò sí bí kò ṣe ní ṣú.

Èkejì tún wà tí ò kan èémí rárá. Ẹ gbé ẹrù lọ sí báńkì ní Dùgbẹ̀, AC wọn tutù nini, wọ́n ní kẹ́ ẹ jókòó de ẹni tó máa sáìnì, ogún ìṣẹ́jú ti kọjá, bẹ́ ẹ ṣe ṣílẹ̀kùn jáde síta báyìí awò ojú ti ṣú pátápátá, ẹ ò tíì dé ẹ́límẹ́ẹ̀tì sórí rárá. Inú afẹ́fẹ́ ìta ni omi yẹn ti wá, kì í ṣe èémí yín. Lásìkò òjò níbí, omi inú afẹ́fẹ́ wa pọ̀ débi pé nǹkan tó bá ti tutù ju bíi 23°C lọ á bẹ̀rẹ̀ sí làágùn, bí ìgò kóòkì tútù ṣe ń làágùn lórí tábìlì, báńkì sì ti gbé AC tiẹ̀ sí 18. Èyí ò nílò oògùn tẹ́ ẹ máa rà, ẹ fi sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Ó yá.

Ṣíṣí gíláàsì díẹ̀

Ọ̀fẹ́ ni, òun ló sì yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹ́límẹ́ẹ̀tì ló ní eyín níbi tí gíláàsì ti so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tẹ́ ẹ bá tì í sókè díẹ̀ á dún "ká", á dúró sórí eyín àkọ́kọ́, àlàfo tó máa wà nísàlẹ̀ ò ju ìbú ìka kan lọ. Afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé, á kó èémí yín jáde. Lórí ìrìn ó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni, fún gíláàsì àti fún awò ojú, méjèèjì ló ń jàǹfààní ẹ̀. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ti dúró, afẹ́fẹ́ náà dúró, kùrukùru á padà dé bí ẹni tó wá sin gbèsè. Òjò tó bá sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rọ̀ máa gba àlàfo yẹn wọlé, á wá kán sórí awò ojú yín, ẹ ò sì ní lè nu ún torí ọwọ́ ò lè wọ ibẹ̀.

Ní ti àwọn ihò afẹ́fẹ́ tó máa ń wà lórí àti níwájú àgbọ̀n, ẹ ṣọ́ra. Mo ra ẹ́límẹ́ẹ̀tì kan rí, ihò mẹ́rin ló wà lára ẹ̀, mo ń ṣí mo ń tì í bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ òfúrufú, ọjọ́ tí mo yọ fóòmù inú ẹ̀ kí n fọ̀ ọ́ ni mo tó rí i pé kò sí ọ̀kankan tó já wọlé, ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ṣe. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹ́límẹ́ẹ̀tì lọ́jà, ẹ ṣí ihò iwájú àgbọ̀n, ẹ fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ síbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kejì gbà á nínú. Tí ọwọ́ ò bá mọ nǹkan kan, ẹ mọ iye tẹ́ ẹ máa dá lé e.

Ọṣẹ

Èyí ni ti mẹ̀kúnnù, èmi náà sì kúndùn ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ọṣẹ kì í lé omi lọ. Omi á ṣì jókòó síbẹ̀, àmọ́ ọṣẹ ò ní jẹ́ kó ká jọ di ẹ̀kán kéékèèké, ńṣe ló máa tẹ́ pẹẹrẹ lójú gíláàsì, tó bá sì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa ríran la inú ẹ̀ kọjá.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń kọ́kọ́ da omi tó mọ́ sí gíláàsì tinú tòde kí iyanrìn kúrò, torí ẹ bá fi aṣọ nu eruku gbígbẹ, ẹ ti ha á nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo máa kán ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, Morning Fresh tàbí èyíkéyìí, ẹ̀kán kan péré, sórí ìka tó tutù, mo máa fi pa inú gíláàsì yíká, mo máa fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú kan, mo máa wá fi aṣọ kọ́tìnnì tó rọ̀ nu ún díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa mọ́ lójú. Mi ò ní ṣàn án o! Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́, wọ́n á ṣàn án tán wọ́n á ní ọṣẹ ò ṣiṣẹ́. Ṣáńpù ọmọdé náà dáa, ó tiẹ̀ dáa jù fún ẹni tí ojú ẹ̀ ò gba ọṣẹ.

Fún awò ojú, tiẹ̀ tún rọrùn. Àwọn dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n ń wọ ìbòmú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ní ọgbọ́n kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Ìlú Ọba lọ́dún 2011: ẹ fi omi ọṣẹ fọ awò kẹ́ ẹ tó gbé e wọ̀, ẹ gbọn omi ara ẹ̀ dànù, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀. Ó tán. Lásìkò Kòrónà ní 2020 tí gbogbo ayé ń wọ ìbòmú ni èmi tó gbọ́ ọ, mo dẹ̀ bínú sí ara mi pé gbogbo ọdún tí mo fi ń nu awò mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Àbùkù ẹ̀? Kì í pẹ́. Tí mo bá fi pa gíláàsì láàárọ̀, tí òjò ò bá pọ̀, ó máa ń gbé mi dé ìrọ̀lẹ́. Tí awò ojú bá ti fara kan òógùn tí mo sì fọwọ́ nù ún, ó ti lọ nìyẹn. Ọjọ́ tí mo bá sì kán an jù, tí òjò àti òógùn bá gbé e wọ ojú, ẹ̀yin ará, ata ni. Mo ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Agbowó rí tí omijé ń dà, ìyá kan tó ń ta àgbàdo bi mí pé "ọmọ mi, ta ló kú?" Nínú ọyẹ́ náà, ọṣẹ tí ẹ ò bá nù dáadáa máa ń mú eruku.

Àwọn mọ̀lẹ́bí ọṣẹ tẹ́ ẹ máa gbọ́ nípa wọn: pòtétò tí wọ́n là sí méjì tí wọ́n fi ń pa gíláàsì, ó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó máa ń fi ojú ilà sílẹ̀, ẹ kúkú fi sè é jẹ. Itọ́, àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ abẹ́ òkun ń lò ó, ó dọwọ́ yín. Ọṣẹ ìfọyín, ẹ má dán an wò, nǹkan tó ń ha eyín mọ́ wà nínú ẹ̀, ó máa ha ike náà. Èyí tó wá burú jù ni bẹntiróòlù. Mẹkáníìkì á rí i pé gíláàsì dọ̀tí, á ti aṣọ bọ inú bẹntiróòlù, "ẹ jẹ́ n bá yín nù ún". Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀! Bẹntiróòlù àti thinner tí wọ́n fi ń po ọ̀dà máa ń jẹ ike yẹn, á la wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ tí oòrùn pa, ike tó ti rí bẹ́ẹ̀ ò ní lágbára mọ́ tí òkúta bá ta lù ú. Ọṣẹ ìnu fèrèsé tó ní ammonia nínú náà, ẹ jìnnà sí i.

Anti-fog inú ìgò

Oògùn olómi tí wọ́n ṣe kí gíláàsì má baà ṣú ni. Iṣẹ́ kan náà tí ọṣẹ ń ṣe ni òun náà ń ṣe, ó kàn lè dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í ta ojú tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo lò máa ń gbé mi tó ọjọ́ mẹ́ta, òmíràn tó jẹ́ ayédèrú, omi lásán tó ń ta sánsán ni. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro ẹ̀ níbí, ẹ ò lè fi ojú mọ ojúlówó. Tẹ́ ẹ bá máa rà á, ẹ ra èyí tó kéré jù kẹ́ ẹ fi dán an wò: ẹ pa á sí apá kan gíláàsì, ẹ fi apá kejì sílẹ̀, ẹ fi ẹnu mí sí i.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa Rain-X díẹ̀ torí mo ti rí ẹni mẹ́ta tó ṣì í lò. Oríṣiríṣi oògùn olómi fún gíláàsì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, ojú òde gíláàsì mọ́tò ni wọ́n ṣe é fún, kí òjò máa ká jọ kó sì máa sá lọ. Ẹ wò ó, òdìkejì ohun tá à ń wá nìyẹn! Nínú, a fẹ́ kí omi tẹ́ pẹẹrẹ, níta, a fẹ́ kó ká jọ kó máa yí lọ. Ẹni tó bá fi tòde pa inú, ó ti fi owó ra kùrukùru. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gíláàsì gidi ni ìyẹn wà fún, kì í ṣe ike. Ẹ ka ara ìgò ọ̀hún dáadáa kó tó kan ẹ́límẹ́ẹ̀tì yín.

Fún awò ojú, ó dáa, àmọ́ ẹ bi ẹni tó bá yín ṣe awò léèrè tó bá ní nǹkan tí wọ́n pa sí i tí kì í jẹ́ kó máa tan iná padà, kẹ́ ẹ má baà lọ fi nǹkan líle ṣí i kúrò. Omi ọṣẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní tiẹ̀ kò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Pinlock

Mo fẹ́ fi ara balẹ̀ sọ eléyìí torí àwọn tó ń wo fídíò òyìnbó ti gbé e gẹ̀gẹ̀. Àwọn ará Netherlands ló mú un wá. Ike fẹ́lẹ́ kan ni, tí wọ́n fi rọ́bà silicone yí etí ẹ̀ ká, ẹ máa gbé e sí inú gíláàsì ẹ́límẹ́ẹ̀tì, ìṣó ike kékeré méjì tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì á dì í mú. Rọ́bà yẹn á lẹ̀ mọ́ gíláàsì, afẹ́fẹ́ á há sáàárín ike méjèèjì. Afẹ́fẹ́ tó há yẹn ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀: òtútù ìta á mú gíláàsì òde, ṣùgbọ́n kò ní lè dé ọ̀dọ̀ ike inú tí èémí yín ń kàn. Ike inú náà tún máa ń fa omi mu díẹ̀. Wọ́n ní èyí tí wọ́n kọ 30 sí, 70, àti 120, nọ́ńbà tó bá ga jù ló ń pẹ́ jù kó tó ṣú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Leeds, máṣíìnì ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́, oṣù kìíní, agogo mẹ́fà àárọ̀, bíi 3°C. Níbẹ̀, ọṣẹ ò já mọ́ nǹkan kan fún un, bó ṣe ń pa á ló ń ṣú, tó bá dẹ̀ ṣí gíláàsì díẹ̀ òtútù á fẹ́ bó o létí. 120 ló rà, bíi £30 sí £35, ó ní ọdún kejì rèé òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ kùrukùru lójú gíláàsì mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó kù: òun náà ń wọ awò ojú. Bó bá ti dúró níbi iná pupa, gíláàsì mọ́ rekete, awò ojú ṣú. Ó ti ra idà tó mú, ó ti gbàgbé apata.

Tá a bá wá gbé e wálé ńkọ́? Gíláàsì tí ò ní ìṣó méjì yẹn ò lè gbà á, ọ̀pọ̀ ẹ́límẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà lọ́jà wa ò sì ní in. Owó Pinlock nìkan lè ju owó ẹ́límẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí lọ. Ó tètè ń ha ju gíláàsì fúnra ẹ̀ lọ, ẹ ò gbọdọ̀ fi ọṣẹ líle tàbí anti-fog kankan kàn án, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí ò le ni, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ kó gbẹ fúnra ẹ̀. Lálẹ́ mo rí i tí iná mọ́tò ń di méjì méjì nínú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní ó máa ń mọ́ èèyàn lára. Tí rọ́bà yẹn ò bá lẹ̀ dáadáa, omi á wọ àárín méjèèjì, ìyẹn sì burú ju kí ó má sí rárá lọ torí ẹ ò lè nù ún lójú ọ̀nà. Àwọn ìṣó ọ̀hún ṣe é yí kó lè fún díẹ̀ sí i, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, wọ́n á ti lọ ra tuntun.

Èyí tó ń lẹ̀ bíi sítíkà tún wà, tí ò nílò ìṣó, owó ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Mo lẹ ọ̀kan. Ọwọ́ mi gbọ̀n, afẹ́fẹ́ há sí i níbi mẹ́ta, oṣù méjì ni etí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣí. Kò burú fún oṣù méjì ọ̀hún ṣá. Ẹni tó lọ́wọ́ tó tutù, tó mọ sítíkà lẹ̀ sára fóònù tí kò ní hó, kó gbìyànjú ẹ̀.

Dídarí èémí: ìbòmú àti rọ́bà imú

Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo fún ẹni tó ń wọ awò ojú, èyí ni màá mú, kò sí tàbí-ṣùgbọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ń bá omi jà lẹ́yìn tó ti dé ojú gíláàsì, eléyìí ò jẹ́ kó débẹ̀.

Àwọn ẹ́límẹ́ẹ̀tì kan máa ń bá rọ́bà dúdú kan wá tó máa jókòó sórí imú nínú, á da èémí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti yọ ọ́ jù sí gọ́tà pé ó ń fún àwọn nímú. Ẹ wá a padà! Tí tiyín ò bá ní in, ìbòmú tó ní wáyà lókè ṣe é lò, ẹ tẹ wáyà yẹn mọ́ igi imú kó fún dáadáa, kẹ́ ẹ sì gbé awò lé e lórí, awò á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èémí á gba ìsàlẹ̀ jáde. Ẹ ká tíṣù kan pẹlẹbẹ sí abẹ́ ibi wáyà, á tún fa omi mu. Èyí tí wọ́n fi aṣọ rán tí ò ní wáyà ò dáa, ńṣe ló máa ti gbogbo èémí sókè tààrà sínú awò, kẹ́ ẹ má wọ nǹkan kan ló sàn jù ú lọ. Àwọn tó ń fi aṣọ di imú àti ẹnu pa pọ̀ nínú ọyẹ́ nítorí eruku, ẹ rọra fi imú sílẹ̀ lókè, tàbí kẹ́ ẹ wá èyí tó ní wáyà.

Owó ẹ̀ ò tó nǹkan, kẹ́míìsì gbogbo ló ní in. Nínú gó-sílò ó ń ṣiṣẹ́ dé àyè kan, kì í ṣe pátápátá, torí òógùn ojú ṣì ń ru ooru. Òjò tó bá sì rin ín, ẹ yọ ọ́, ìbòmú tútù ò ṣeé mí. Mẹ́ta mẹ́ta ni mo máa ń kì sínú báàgì ọ̀rá.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ àgbọ̀n ẹ́límẹ́ẹ̀tì kí atẹ́gùn má baà wọlé: fún òtútù Leeds nìyẹn, fún wa, ó ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ ni.

Ẹ́límẹ́ẹ̀tì tí ò bo àgbọ̀n

Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, wọn ò wọ èyí tó bo ẹnu rárá. Ẹ rántí oṣù kìíní 2009 tí àwọn Road Safety ní ẹ́límẹ́ẹ̀tì di dandan, tí àwọn kan dé igbá, tí àwọn kan dé ike ọ̀dà? Àwọn yẹn ò ní kùrukùru o, ẹ má jẹ́ á parọ́. Tá a bá fi ojú kùrukùru nìkan wò ó, èyí tí ò bo àgbọ̀n ló gba ipò kìíní, fún awò ojú pàápàá, èémí lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi iwájú ṣubú, àgbọ̀n àti eyín lẹ máa fi gba títì. Òjò náà ń nani lẹ́nu. Mi ò lè sọ pé kẹ́ni kẹ́ni gbé e tìtorí kùrukùru, ẹni tó bá ti ń lò ó láàárín àdúgbò tẹ́lẹ̀, kí ó fi ọṣẹ pa awò ojú, ó tó o.

Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni èyí tí gbogbo iwájú ẹ̀ pẹ̀lú àgbọ̀n ń ṣí sókè. Ó wọ́n, ó wúwo, àmọ́ ẹni tó ń wọ awò ojú máa fẹ́ràn ẹ̀: ẹ ò ní máa yọ awò kẹ́ ẹ tó dé e, tẹ́ ẹ bá sì dúró nínú gó-sílò ẹ gbé e sókè, ẹ mí. Tẹ́ ẹ bá ti ń ṣí lọ, ẹ pa á dé, kó dún kẹ́ ẹ gbọ́.

Lẹ́ńsì inú ojú

Kíákíá ni màá kọjá níbí. Kì í ṣú láé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n eruku Ìbàdàn, ooru, ọwọ́ tó dì ẹrù àti owó láti àárọ̀, ẹ tún fẹ́ fi ọwọ́ yẹn kan inú ojú? Ẹni tó bá ní ibi tó mọ́ tó ti máa wọ̀ ọ́ tó ti máa yọ ọ́, tí dókítà ojú sì yẹ̀ ẹ́ wò, kó lò ó, pẹ̀lú gíláàsì tó pa dé. Ráídà dispatch, rárá.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe dispatch láàárín ìgboro, tẹ́ ẹ ń dúró tẹ́ ẹ ń ṣí, tẹ́ ẹ dẹ̀ ń wọ awò: ọṣẹ lójú gíláàsì láàárọ̀, omi ọṣẹ fún awò, ìbòmú oníwáyà, kẹ́ ẹ sì fi gíláàsì sórí eyín àkọ́kọ́ tí òjò bá fúyẹ́. Gbogbo ẹ̀ pọ̀ ò tó owó tẹ́ ẹ fi ń ra epo lọ́jọ́ kan. Nǹkan tí èmi ń ṣe nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ò wọ awò, ọṣẹ nìkan ti tó yín, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ojú yín.

Ẹni tó ń rìn jìnnà, tó ń fi máṣíìnì ńlá gbéra ní ìdájí lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tàbí tó ń lọ sápá Jos tí òtútù wà, tí ẹ́límẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sì ní ìṣó: Pinlock tọ́ sí i, 70 tó o, kò dìgbà tó bá ra 120. Kó má gbàgbé rọ́bà imú tó bá ní awò lójú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba tàbí apá àríwá Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ ń gùn ún nígbà òtútù, ẹ má fi ọṣẹ tan ara yín, ẹ ra 120, ẹ tún wá nǹkan fún imú. Ẹ̀gbọ́n mi ti ra rọ́bà imú báyìí, ó ní kí n má sọ fún yín pé èmi ni mo sọ fún òun.

Ẹni tó ń gbé èrò tó sì ń fún un ní ẹ́límẹ́ẹ̀tì kejì, ẹ pa ọṣẹ sí tiẹ̀ náà. Èrò tí ò ríran á máa mì, á máa yí sọ́tùn-ún sósì, á sì máa dì yín mú lọ́rùn.

Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tó bá jáde nílé AC nìkan ni awò ẹ̀ ń ṣú, kó má ra nǹkan kan. Kó bọ́ awò sí àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó jáde, kí ara mú un gbóná, tàbí kó jáde kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì bí ìṣẹ́jú méjì kó tó gbé e lójú, á gbẹ fúnra ẹ̀. Kó má fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún o, pàápàá tó bá ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láàárọ̀.